Igi ìbílẹ̀ lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́: kí la ó kọ́kọ́ ṣe?

Ìbéèrè: Tíṣà fẹ̀yìntì ni mí, mo sì ń ṣe àdìrẹ. Mo fẹ́ fi àkókò tí mo ní báyìí sin àdúgbò mi, níta gbangba, láàárín igi àti àwọn ọmọdé. Lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa, nítòsí Ìbàdàn, ilẹ̀ kan wà tó tó pulọ́ọ̀tì mẹ́rin, ó dé etí odò kékeré kan. Wọ́n ti sọ ọ́ di ààtàn. Lọ́dún tó kọjá, lọ́jọ́ ìmọ́tótó, a gbin àádọ́ta igi masquerade síbẹ̀. Mẹ́ta péré ló kù. Igi tiwa-n-tiwa ni mo fẹ́ gbìn báyìí. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí kò fi ní rí bẹ́ẹ̀ mọ́?

Ìdáhùn:

Ẹ kú ìmúra, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí tí inú yín lè má dùn sí: lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ má gbin igi kankan sórí ilẹ̀ yẹn, àfi ọgbà tó máa yí i ká. Ìwé, ọgbà àti nọ́sìrì ni iṣẹ́ ọdún àkọ́kọ́. Igi masquerade kì í ṣe igi tó ń kú wẹ́rẹ́. Bí mẹ́tàdínláàádọ́ta bá kú nínú àádọ́ta, a jẹ́ pé èèyàn pọ̀ lọ́jọ́ gbíngbìn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì kò sí olùtọ́jú. Ìrókò tí a bá gbé síbẹ̀ lọ́nà kan náà yóò tètè kú jù wọ́n lọ, nítorí òun tún ní kòkòrò tirẹ̀ tó ń lépa rẹ̀ láti kékeré. N ó dé orí ìyẹn.

Ta ló ni ilẹ̀?

Ilẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba máa ń jọ ohun tí kò ní wàhálà nínú. Àmọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó gbà fún yín lónìí lè gba ìwé ìpààrọ̀ lọ́la, kí ẹni tó rọ́pò rẹ̀ sọ pé ẹ̀gẹ́ lòun fẹ́ gbìn síbẹ̀. Ìdílé tó fi ilẹ̀ sílẹ̀ láyé ijọ́un náà lè dé, kí wọ́n ní ẹ̀yìn kíláàsì kò sí nínú èyí tí bàbá àwọn yọ̀ǹda. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹ kọ lẹ́tà ojú ewé kan, kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, alága ìgbìmọ̀ SBMC tó ń ṣojú òbí àti ará àdúgbò, baálẹ̀ àti aṣojú ìdílé onílẹ̀ fọwọ́ sí i. Kí ẹ̀dà kan lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀.

Inú lẹ́tà yẹn, ẹ wọn ilẹ̀ náà láti ibi tí kò lè ṣí nípò, bí igun ògiri kíláàsì tàbí orí afárá. Ẹ má fi ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ààlà. Ẹ kọ iye ọdún tí àdéhùn náà wà fún, ó kéré tán mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà lẹ óò wá kọ ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù: ta ló ni èso? Bí àgbálùmọ̀ bá so lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, ṣé ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò tà á, àbí ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ni yóò ṣa á? Ta ló lè gé ẹ̀ka? Ta ló lè ní kí wọ́n wó igi? Ìrókò, apá àti arère jẹ́ igi gẹdú, àṣẹ ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó igbó ni wọ́n fi ń gé wọn. Ẹ kọ ìyẹn síbẹ̀ gbangba, ó máa ń jẹ́ kí ọwọ́ oníṣòwò pákó rọ̀.

Ààtàn àti ọgbà

Ẹ kọ́kọ́ wá ibòmíràn tí wọn yóò máa da pàǹtírí sí. Pátákó ìkìlọ̀ kò lé ẹnikẹ́ni tí kò ní ibi tó ń lọ. Bí ẹ bá ti bá àwọn tó ń kó pàǹtírí ládùúgbò ṣe àdéhùn, ìgbà náà ni kí ẹ tó palẹ̀ mọ́. Ẹ má sun ún lójú ibẹ̀. Ọ̀rá tó bá yọ́ máa ń di èèpá lórí ilẹ̀, omi kò ní ráyè wọlé, gbòǹgbò náà kò ní ráyè kọjá. Àgbàlagbà tó wọ bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́ tó nípọn ni kí ó ṣa á, nítorí abẹ́rẹ́, abẹ́ àti ìgò fífọ́ kì í wọ́n nínú ààtàn. Tí òkè bá ti mọ́, ẹ fi ọkọ́ ro ilẹ̀ náà wọnú tó ogún sẹ̀ǹtímítà kí ẹ tún ṣa ọ̀rá tó wà nísàlẹ̀. Òun ni iṣẹ́ tó ń sú èèyàn jù, òun náà ni wọ́n sì máa ń fò jù.

Ọgbà tí n ó yàn fún yín ni akòko àti pèrègún. Méjèèjì ń hù láti ara ọ̀pá tí a gé, kò ná yín lówó, ẹran kì í sì fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn wọn. Pulọ́ọ̀tì mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50 lọ́nà 100 ẹsẹ̀ bàtà, bí a bá yọ ẹ̀gbẹ́ odò kúrò, ọgbà rẹ̀ yóò gùn tó 150 mítà. Ẹ ri akòko kan mọ́lẹ̀ ní mítà kan sí mítà kan, kí pèrègún wà láàárín wọn. Ó tó 150 ọ̀pá lọ́kọ̀ọ̀kan. Akòko tó nípọn tó ọrùn ọwọ́, tó gùn tó mítà kan àbọ̀ ni kí ẹ gé, ní ìparí oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin, nígbà tí òjò ń dẹ́rù bọ̀. Ẹ dá orí rẹ̀ gé ní ìdágẹ̀ẹ́rẹ́ kí omi má dúró síbẹ̀ kó mú un jẹrà. Ẹ fi irin gbẹ́ ihò rẹ̀ tó ogójì sẹ̀ǹtímítà kí ẹ tó tì í bọlẹ̀. Bí ẹ bá fi òòlù gbá a wọlé, èèpo rẹ̀ yóò ṣí, kò ní ta gbòǹgbò. Kí ẹni tó ń gé e máa sàmì sí ìdí rẹ̀, torí ọ̀pá tí a bá ri sódì kì í hù. Waya ẹlẹ́gùn-ún kò gbọdọ̀ kan ara rẹ̀ kó tó di ọdún kejì.

Àǹfààní kan tún wà lára akòko tí waya kò ní. Ewé rẹ̀ la fi ń joyè. Bí ìjòyè bá kù sí dẹ̀dẹ̀ ní ìlú, wọn yóò wá já ewé lára ọgbà yín, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n já a: láti ọjọ́ náà lọ, ààfin náà ti ní ohun tó ń ṣọ́ níbẹ̀.

Kẹ́ẹ̀gì omi ni yóò sọ iye igi

Àwọn èèyàn máa ń ka pulọ́ọ̀tì láti mọ iye igi. Ní mítà mẹ́rin sí mẹ́rin, ilẹ̀ yín lè gba nǹkan bí 115. Ẹ má tẹ̀lé ìyẹn. Omi ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ kà. Ọmọ igi tó wà ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ rẹ̀ fẹ́ lítà márùn-ún lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọgọ́rin igi á gba 400 lítà lẹ́ẹ̀kan, èyí jẹ́ kẹ́ẹ̀gì onílítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n mẹ́rìndínlógún; ó di méjìlélọ́gbọ̀n lọ́sẹ̀, láti ìparí oṣù kọkànlá títí òjò oṣù kẹta yóò fi dé. Bí ẹ bá mọ ẹni tí yóò pọn méjìlélọ́gbọ̀n, kí ẹ gbin ọgọ́rin. Bí mẹ́rìndínlógún ni agbára yín mọ, ogójì ni kí ẹ gbìn. Ogójì tó yè sàn ju ọgọ́rùn-ún tó kú lọ, ẹ̀yin náà ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀.

Ibi tí owó yẹ kó lọ nìyí. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè pọnmi, ṣùgbọ́n ìsinmi Kérésìmesì bọ́ sí àárín ọyẹ́ gan-an, ìsinmi gígùn láti ìparí oṣù keje sì bọ́ sí àsìkò tí koríko ń yára bo ọmọ igi mọ́lẹ̀. Ẹ wá ẹnìkan tó ń gbé nítòsí, kí ẹ máa fún un lówó iṣẹ́ fún àwọn oṣù yẹn. Owó fáníìlà tí wọ́n máa ń tẹ̀ fún ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ lè tó owó rẹ̀.

Nọ́sìrì

Ẹ bẹ̀rẹ̀ nọ́sìrì ní oṣù kejì tàbí ìkẹta lọ́dún àkọ́kọ́, kí ọmọ igi tó ti lé ní ọdún kan lè wà lọ́wọ́ yín ní oṣù kẹfà ọdún kejì. Ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú, tó súnmọ́ omi, tí oòrùn àárọ̀ ń bà. Kí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ má fẹ̀ ju mítà kan lọ, kí ọwọ́ ọmọdé lè dé àárín láìtẹ̀ ẹ́. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà lé e lórí, kí ìdajì oòrùn máa wọlé. Bí òkùnkùn bá pọ̀ jù, ọmọ igi yóò gùn tẹ́ẹ́rẹ́, atẹ́gùn àkọ́kọ́ ni yóò ṣẹ́ ẹ.

Erùpẹ̀ rẹ̀: ilẹ̀dú mẹ́ta, yanrìn odò kan, ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà kan, garawa kan náà ni kí ẹ fi wọn gbogbo rẹ̀. Ìgbẹ́ tútù máa ń gbóná, ó ń jó gbòǹgbò. Ẹ kó o jọ, kí ẹ máa wọ́n omi sí i, kí ẹ máa yí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ. Ẹ bu àpòpọ̀ náà sọ́wọ́, kí ẹ fún un: bí ó bá dì mọ́ra bí amọ̀, ẹ fi yanrìn kún un, bí ó bá fọ́n ká lójú ẹsẹ̀, ilẹ̀dú ló kù.

Fún ọgọ́rin igi, ẹ rọ erùpẹ̀ sínú 150 ọ̀rá. Àwọn kan kò ní hù, ìgbín yóò jẹ lára wọn, ẹ sì nílò àfidípò fún ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọ̀rá dúdú tó bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, tó ga tó ogún, ń gba lítà kan àbọ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju bárò erùpẹ̀ mẹ́rin lọ. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí a gé orí rẹ̀, tí a dá ihò sí igun ìsàlẹ̀, dára fún oṣù méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n apá àti àgbálùmọ̀ ń ta gbòǹgbò gígùn kan lọ sísàlẹ̀. Bí ó bá pẹ́ nínú ọ̀rá kékeré, gbòǹgbò náà yóò ká roboto, igi tó sì ká ní gbòǹgbò lè dàgbà fún ọdún márùn-ún kó tó wó lójijì.

Irúgbìn kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀. Àgbálùmọ̀ àti iṣin kò ṣeé tọ́jú pamọ́: bí kóró wọn bá gbẹ, wọ́n ti kú. Lọ́jọ́ tí ẹ bá jẹ àgbálùmọ̀ ni kí ẹ fọ kóró rẹ̀, kí ẹ gbìn ín ní sẹ̀ǹtímítà méjì sínú erùpẹ̀. Ó lè lo oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí ó tó yọjú, ẹ má tú u wò. Apá rọrùn jùlọ. Pádi rẹ̀, ìyẹn èèpo tó di kóró sínú, dúdú, ó le, ó ń là ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ bó awọ olómi-ọsàn tó wà ní ìdí kóró náà kúrò kí èèrà àti eku má bàa tọ̀ ọ́ wá, yóò hù láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta. Èèpo irúgbá le débi pé omi kì í wọ̀ ọ́. Ẹ gbé omi gbígbóná kúrò lórí iná, ẹ dà á lé e, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì; àwọn tó wú ni kí ẹ gbìn. Láti inú pádi ni kí ẹ ti mú un o. Èyí tí àwọn oníirú ń tà ti jinná.

Arère ni kí ẹ fi sílẹ̀ di ìgbà tí ọwọ́ yín bá mọ́ iṣẹ́ náà. Kì í so lọ́dọọdún, kòkòrò sábà máa ń jẹ inú èso rẹ̀ kí ó tó jábọ́, irúgbìn rẹ̀ sì ń tètè kú. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ igbó fi ń gé ẹ̀ka ewé rẹ̀ tútù, tí wọ́n ń mú un ta gbòǹgbò lábẹ́ ọ̀rá tó bò ó kí omi ara rẹ̀ má gbẹ.

Ó wá ku ìrókò, tí gbogbo èèyàn fẹ́ tí ó sì ń dá gbogbo èèyàn láàmú. Akọ àti abo ni ìrókò, abo nìkan ló ń so. Èso rẹ̀ rí bí ìka ọwọ́, ó tutù, ó sì rọ̀. Láàárín oṣù kejì sí ìkẹrin ló sábà ń bọ́. Àdán ló ń gbé irúgbìn rẹ̀ káàkiri, nítorí náà ẹ tètè dé ìdí rẹ̀ lówùúrọ̀. Ẹ rẹ èso náà di ọjọ́ kejì, ẹ fún un nínú omi, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Èyí tó rì ló dára. Ẹ sá a lábẹ́ ibòji fún ọjọ́ kan sí méjì. Hóró inú kílò kan ju 400,000 lọ, ìkúnwọ́ èso díẹ̀ ti pọ̀ jù fún yín.

Ẹ wá abọ́ fífẹ̀ tí ẹ dá ihò sí nídìí, ẹ bu yanrìn tí ẹ ti kù sínú rẹ̀, kí ẹ da omi híhó lé e, kí ó sì tutù. Ẹ po hóró náà mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ó lè fọ́n ká dáadáa, ẹ fọ́n ọn, ẹ wá fi yanrìn bò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Tí ẹ bá bu omi lù ú láti òkè, gbogbo rẹ̀ yóò ṣàn lọ sí igun kan; ẹ gbé abọ́ náà sínú omi tí kò jìn, kí ó fà á láti ìsàlẹ̀. Yóò hù ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Tí ó bá ní ewé mẹ́rin, ẹ fi igi ìyínyín tú u lọ sínú ọ̀rá. Ewé ni kí ẹ dì mú. Ewé tó ya yóò tún hù, ọ̀pá rẹ̀ tí ọwọ́ bá tẹ̀ kò ní yè.

Bí ẹ bá rí ọmọ igi tó dúdú ní ibi tó ti kan ilẹ̀ tí ó sì dojú bolẹ̀, omi ti pọ̀ jù, tàbí wọ́n fún mọ́ra jù. Ẹ yọ ọ́ dànù pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, àárọ̀ nìkan ni kí ẹ sì máa bomi rin wọ́n.

Kòkòrò ìrókò tí mo dárúkọ lókè, Phytolyma ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kò tóbi ju ìyá èèrà lọ. Ó ń yé sí ẹ̀yìn ewé àti sí ọ̀mùnú. Ibẹ̀ yóò wú di kókó, ọmọ kòkòrò yóò máa dàgbà nínú rẹ̀. Nígbà tí kókó náà bá là, ó ń jẹrà, ọ̀mùnú náà sì kú. Igi yóò tún rú, kòkòrò yóò tún padà wá, títí agbára ọmọ igi yóò fi tán. Òun ló fa á tí oko ìrókò nìkan ṣoṣo kò fi yọrí níbi púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: ó ti rí oúnjẹ lójú kan. Nínú igbó, ìrókò kan ń jìnnà sí èkejì. Ẹ ṣe bíi ti igbó. Kí ìrókò má ju márùn-ún lọ lórí gbogbo ilẹ̀ yín, kí igi mìíràn tó ti ga díẹ̀ yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká. Ní nọ́sìrì, ẹ fi àwọ̀n olójú wínníwínní bò wọ́n, ẹ máa já ewé tó bá ní kókó kí ó tó là, ẹ sì sun ún.

Àwọn òbí kan kò ní fẹ́ ìrókò lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ rárá, nítorí ohun tí a gbọ́ nípa olúwéré. Ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ lọ bá àwọn àgbà ṣáájú, kí ẹ sì yan ibi tó jìnnà sí kíláàsì fún un. Àní láìsí ọ̀rọ̀ olúwéré, igi tó máa tóbi tó bẹ́ẹ̀ yẹ kó jìnnà sí ilé tó ogún mítà.

Oṣù tó ṣáájú gbíngbìn, ẹ máa yọ imọ̀ ọ̀pẹ náà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa bomi rin ín ní ọjọ́ méjì sí méjì, kí ara rẹ̀ lè le. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti máa ṣí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan nípò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, kí gbòǹgbò má bàa jáde gba ilẹ̀ lọ.

Oṣù kẹfà, àti ohun tó ń pa igi lẹ́yìn rẹ̀

Ẹ gbìn nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, kí ó sì kù tó oṣù méjì kí ìdáwọ́dúró òjò oṣù kẹjọ tó dé. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni kí ẹ ti gbẹ́ ihò, ogójì sẹ̀ǹtímítà ní fífẹ̀ àti ní jíjìn, kí erùpẹ̀ òkè wà lọ́tọ̀; òun ni yóò kọ́kọ́ padà sínú ihò. Ẹ má kó igi gbígbẹ sísàlẹ̀, ikán lẹ ń pè. Ẹ bọ́ ọ̀rá náà kúrò pátápátá. Mélòó nínú igi masquerade yẹn ló wọlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀? Bí ẹ bá fa òkú wọn tu, ẹ óò rí i. Ibi tí ọ̀pá ti pàdé gbòǹgbò kò gbọdọ̀ wọlẹ̀ ju bó ṣe wà nínú ọ̀rá lọ. Ìrọ̀lẹ́ ló dára, tàbí ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú.

Ẹ fi mítà márùn-ún tó kángun sódò sílẹ̀ pẹ̀lú koríko rẹ̀. Ẹni tó bá ro etí odò mọ́ tónítóní ti ta á fún àgbàrá. Abura ni ti ojú ilẹ̀ tó máa ń rin, ìyeyè á tẹ̀ lé e. Àgbálùmọ̀ àti iṣin ni ti àárín, apá, irúgbá àti ìrókò ni ti òkè tó gbẹ.

Ohun tó ń pa ọmọ igi jù lọ́dún àkọ́kọ́ ni ẹni tí a gbéṣẹ́ fún láti ro koríko. Àdá tàbí ẹ̀rọ ìgékoríko kò mọ apá yàtọ̀ sí èèsún. Ẹ ri ọparun tó ga tó mítà kan àbọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ igi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ọ̀dà pupa kun orí rẹ̀, kí àwọn tiyín sì ti fi ọwọ́ tu koríko ìdí rẹ̀ ká ní ìdajì mítà kí alágbàṣe tó dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún àkọ́kọ́ àti èkejì, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún kẹta. Ẹ kíyè sí ewé Akíntọ́lá, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólọ́wọ̀. Wọ́n gbà pé inú irúgbìn igi mẹ̀láínà ló bá wọ Nàìjíríà ní 1937. Ó ń bo ọmọ igi mọ́lẹ̀ ní òjò, ó ń di epo fún iná ọyẹ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn, tata sì fẹ́ràn ìdí rẹ̀. Kí ó tó so ni kí ẹ tu ú. Kí oṣù kọkànlá tó parí, ẹ ro mítà mẹ́ta kanlẹ̀ yí gbogbo ilẹ̀ náà ká kí iná ìgbẹ́ má ráyè wọlé.

Bí ẹ bá rí ọ̀pá tí a gé bí ẹni fi abẹ́ gé e lóru, ìrẹ̀ ni. Ẹ gé ìgò omi oníke sí àárín, ẹ fi yí ìdí igi ká, kí ó wọlẹ̀ díẹ̀.

Àwọn ọmọ, àti iṣẹ́ ọwọ́ yín

Àgbàlagbà kan fún ọmọ mẹ́wàá, kí wákàtí kan má kọjá. Àwọn kékeré lè rọ erùpẹ̀ sínú ọ̀rá. Kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà ló lè tú ìrókò. Kí wọ́n wọ bàtà. Wọn kò gbọdọ̀ wọ odò náà láti bu omi: ìgbín kékeré inú omi tí kò yára ṣàn ló ń gbé àtọ̀sí ajá, ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ sì pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń ṣeré lódò. Àgbàlagbà tó wọ bàtà òjò ni kí ó bu ú, tàbí kí ẹ lo omi kànga. Ẹ tún kọ́ wọn pé iṣin tí kò là fúnra rẹ̀ lórí igi, májèlé ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ là á.

Ní ti ọnà, ẹ wo igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, dé Nàìjíríà ní 1950, ó sì kú ní 2009; kó tó kú, òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú bí Adébísí Àkànjí fi sìmẹ́ǹtì, irin àti amọ̀ mọ ère àti ògiri síbẹ̀. Àwọn iṣẹ́ náà lẹ́wà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ààlà ni wọ́n ń ṣe fún igbó tó tó hẹ́kítà márùndínlọ́gọ́rin: ẹni tó fẹ́ jí ilẹ̀ kò lè ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. UNESCO kọ igbó náà sínú àwọn ogún àgbáyé ní 2005. Ní tiyín, ẹ mọ àga sìmẹ́ǹtì kan sí igun kọ̀ọ̀kan tí ẹ kọ sínú lẹ́tà. Sìmẹ́ǹtì kan sí yanrìn mẹ́ta, kí waya wà nínú rẹ̀, kí ẹ fi àpò tútù bò ó fún ọjọ́ méje kí ó má sán. Ẹ má fọ ọkọ́ sìmẹ́ǹtì sítòsí ọmọ igi, omi rẹ̀ ń jó gbòǹgbò.

Fún orúkọ igi, oòrùn yóò pa ọ̀dà àti báírò rẹ́ láàárín ọdún kan. Ẹ gé agolo mílíìkì, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ẹ rọ́ etí rẹ̀ kí ó má gé ọmọ lọ́wọ́, kí wọ́n wá fi ìṣó tẹ orúkọ sí i lára láti ẹ̀yìn. Ọ̀pá ọparun yẹn ni kí ẹ so ó mọ́. Waya tí a bá so mọ́ igi tó ń sanra yóò wọ̀ ọ́ lára.

Ẹ̀yin tó ń ṣe àdìrẹ, èlú ni kí ẹ gbìn sí ẹsẹ̀ ọgbà lápá tí oòrùn pọ̀ sí, kí ó lè rí akòko gùn. Ẹ jẹ́ kó pé ọdún méjì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí já ọ̀mùnú rẹ̀, ẹ má sì já ju ìdá mẹ́ta rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Gígún rẹ̀ nínú odó, ṣíṣù àti sísá rẹ̀ ṣeé ṣe níwájú àwọn ọmọ. Omi eérú nìkan ni kí ọwọ́ wọn má kàn, ó ń bó awọ ara.

Ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀, FRIN, wà ní Jẹ́ríkò ní Ìbàdàn, kò jìnnà sí yín. Bí ewé kan bá wú tàbí tó ń gbẹ tí ìdí rẹ̀ kò yé yín, ẹ gé e tọwọ́ tẹsẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ka rẹ̀, ẹ dì í sínú bébà tí kò tutù, kí ẹ gbé e lọ bá wọn lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi í sínú ọ̀rá. Yóò ti jẹrà kí ẹ tó dé ibẹ̀.